Ìkómọ Ìràwọ̀ ní Fìdítì

Edinburgh, Scotland
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 1996

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́ èédú, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ṣé ikọ́ wọn ti rọlẹ̀? Mo kí Táyé ní Ìbàdàn, mo kí Kẹ́hìndé àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ìlọrà. Ṣé òjò ti bẹ̀rẹ̀, àbí ẹ ṣì ń rí igi gbígbẹ sun? Ara mi le. Òtútù ò tíì fi wá sílẹ̀ níbí, àmọ́ kíjìpá tí ẹ fi ránṣẹ́ ni mo fi ń bora, àwọn tí a jọ ń gbé sì ń jowú mi.

Nínú lẹ́tà yín tó kọjá, ẹ ní kí n yéé sọ pé ìwé ni mò ń kà, kí n sọ ohun tó wà nínú ìwé náà, nítorí pé Tíṣà Amos tó ń gbé òdìkejì yín ń bi yín léèrè, ẹ kì í sì í rí nǹkan dá a lóhùn. Ó dáa. Ẹ fa àpótí yín mọ́ra, ẹ jókòó.

Gbogbo ìràwọ̀ tí ẹ ń rí lókè, inú agboolé kan ṣoṣo ni wọ́n wà, oòrùn wa náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ agboolé ọ̀hún. Èmi ni mo pè é ní agboolé o, nítorí orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é ò lè wúlò fún yín. Irú agboolé bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀run ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ. Méjì kan wà lọ́nà jíjìn tí wọ́n rìn pàdé ara wọn, tí wọ́n sì ń wọ inú ara wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjì yẹn ni iṣẹ́ mi.

Kò sí ìjà níbẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Àwọn ìràwọ̀ jìnnà síra débi pé wọ́n ń gba àárín ara wọn kọjá láì fara kanra. Afẹ́fẹ́ àti eruku tó wà láàárín wọn ló ń pàdé. Wọ́n á fún pọ̀, wọ́n á ki, wọ́n á wúwo, ibi tí wọ́n bá sì ti ki jù ni ìràwọ̀ tuntun á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Bí wọ́n ṣe ń bí ìràwọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi ṣàlàyé ohun tó wà nínú eruku náà fún mi, ẹ̀rín ni mo bú sí. Apá kan rẹ̀ dà bí yanrìn tí wọ́n lọ̀ kúnná ju àtíkè lọ, apá kejì sì jọ èédú. Mo rin gbogbo ọ̀nà yìí kí n tó wá kọ́ nípa ohun tó máa ń wà lórí gèlè yín ní ìrọ̀lẹ́.

Ìròyìn ayọ̀ wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fún wa ní àwòrán tuntun, a sì rí ibi méjì nínú rẹ̀ tí ìràwọ̀ ti ń jáde rẹpẹtẹ, tí wọ́n ń tàn yòò. Ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni wọ́n. Ọ̀gá mi pàtẹ́wọ́. Ó ní bí mo bá lè fi hàn pé ibi méjèèjì yìí ni gbogbo ooru tó ń jáde níbẹ̀ ti ń wá, iṣẹ́ mi ti parí, wọ́n á fún mi ní oyè dókítà, màá sì ti wà nílé kí ọdún tó ń bọ̀ tó tán. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti rí yín kẹ́yìn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ata gígún rán an sí mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Fàòsíyà Ìdòwú


Fìdítì
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 1996

Ìdòwú ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá oṣù yìí. Èmi fúnra mi ni mo kà á. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, kò sẹ́ni tó ń kàwé fún mi mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń bá mi kọ ọ́. Bí ọwọ́ ìwé mi bá wọ́, fara dà á.

A dúpẹ́ fún ọmọ tuntun. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá mi lójú: ibi méjì, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìbejì nìyẹn. Inú mi dùn pé ìwọ tí o tẹ̀yìn ìbejì wáyé lo rí wọn. Àmọ́ nígbà tí mo wo ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà, mo rí i pé ìjọ́ kẹjọ ti kọjá nígbà tí ìwé ṣì wà lọ́nà, ara mi ò sì gbà á. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé yìí tí a ò sọ lórúkọ ní ìjọ́ kẹjọ. Mo ní kí a kà á láti ọjọ́ tí lẹ́tà dé. Bàbá rẹ ní ìràwọ̀ kì í ṣe ènìyàn. Mo ní ṣé mo pè é ní ènìyàn ni? Wọ́n bí i, ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn Jímọ̀, mo pe Àlfáà Habeebullah. Wọ́n wọ agbádá wọn wá, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí a gbé ọmọ wá. Mo gbé lẹ́tà rẹ fún wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n wá béèrè pé, "Ìyá Táyé, ta ni bàbá àwọn ọmọ?" Mo ṣàlàyé agboolé méjèèjì fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní pa àgbò lé bébà lórí, àmọ́ kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn ṣàdúrà fún ohun tí Ọlọ́run dá. Wọ́n ṣàdúrà náà dáadáa. A tọ́ oyin wò, a tọ́ iyọ̀ wò, a se ẹ̀wà bí a ṣe ń se é fún ìbejì, Táyé àti Kẹ́hìndé sì wá, wọ́n fi orúkọ tiwọn ta àwọn ìràwọ̀ náà lọ́rẹ. Bàbá rẹ tó ní kì í ṣe ènìyàn ló lá oyin jù.

Tíṣà Amos gba ojú ọ̀nà kọjá, ó béèrè ohun tí à ń ṣe. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí òpó mú. Jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín, ó kúkú bu ẹ̀wà.

O ní wàá wà nílé kí ọdún tó ń bọ̀ tó tán. O sọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún tó kọjá náà. Mi ò bá ọ jà, mo kàn ń rán ọ létí ni. Mo ti ní kí wọ́n kun yàrá rẹ. Fi fọ́tò àwọn ọmọ náà ránṣẹ́. Ata ń bọ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Ìbíyẹmí


Edinburgh
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà, ọdún 1996

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìnáwó ìkómọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá mi, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí n bá òun kí yín.

Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ tún ọ̀rọ̀ mi sọ, nítorí èmi ni mi ò là á yé yín. Àwọn ìràwọ̀ yẹn jìnnà gan-an. Ìmọ́lẹ̀ tí a rí lọ́sẹ̀ náà, ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún ló fi rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó gbéra, kò sí Fìdítì, kò sí ènìyàn kankan láyé. Bí mo ṣe ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni wọ́n, lójú àwa tó ń wò wọ́n ni. Nítorí náà, Ìyá mi, ìjọ́ kẹjọ ti kọjá tipẹ́tipẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ìkómọ yẹn káàkiri mọ́. Wọ́n á kàn máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ohun kan ń dà mí láàmú. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n rán lọ sójú ọ̀run ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, ooru ló fi ń ríran. Ó wọn ooru tó ń jáde lára àwọn agboolé méjèèjì, ó sì pọ̀ gan-an. Mo wá ṣírò ohun tí àwọn ìbejì yín lè mú jáde, kò tó ìdajì. Ojú ẹ̀rọ náà ò mú tó láti sọ ibi tí ìyókù ti ń wá. Ó dà bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tó mọ̀ pé inú ibẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n tí kò mọ ààrò tí wọ́n dáná sí. Ọ̀gá mi ní ìṣírò mi ni kò péye. Mo ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Bí mi ò bá rí ibi tí ooru tó kù ti ń wá, iṣẹ́ yìí ò lè parí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún mi á sì tán ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀. Màá tún bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, tàbí kí n wá sílé lọ́wọ́ òfo. Mi ò fẹ́ ronú kan èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Fọ́tò tí ẹ béèrè nìyí. Àwọn ìbejì ni ibi méjì tó mọ́lẹ̀ jù níbẹ̀.

Ọmọ yín,
Ìdòwú


Edinburgh
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1996

Ìyá mi,

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mò ń kọ̀wé láìrí èsì. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ ló fà á. Mo wá kọ̀wé sí Kẹ́hìndé, ó sì dá mi lóhùn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní ara yín le, ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ ń jẹun, ẹ sì ní kí òun má sọ nǹkan míì fún mi.

Ẹ̀ ń bínú sí mi. Mo mọ̀ ọ́n nítorí bẹ́ẹ̀ ni èmi náà máa ń ṣe bí inú bá ń bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi lójú ìwé kan péré, kí n mọ ohun tí mo ṣe. Ilé ò ṣeé gbé fún mi níbí bí ẹ ò bá dáhùn.

Ìdòwú


Fìdítì
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kọkànlá, ọdún 1996

Fàòsíyà,

Mo bínú. Mò ń sọ ọ́ jáde kó lè tán nínú mi.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ ti oṣù kẹfà dé, fọ́tò ni mo kọ́kọ́ rí, ayọ̀ ò jẹ́ kí n ka ìwé. Mo gbé e lọ bá Tíṣà Amos, mo ní kó kà á sókè fún gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ igi máńgòrò, kí wọ́n lè gbọ́ nípa ìbejì mi. Ó sì kà á. Ó ka ọgọ́ta mílíọ̀nù. Ó ka ibi tí o ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ náà káàkiri mọ́, kí wọ́n má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀ ni yẹ̀yẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ìyá Ìràwọ̀, ẹ kú ewu ọmọ." Bàbá rẹ bi mí pé kí ló dùn mí tó bẹ́ẹ̀, mo ní yẹ̀yẹ́ àwọn ará àdúgbò ò dùn mí, ohun tó dùn mí ni pé ọmọ mi ń tijú mi. Mo sunkún sí i, Ìdòwú. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo mú àáké, mo gba oko igi lọ.

Ní ti ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún, mo ti rò ó. Bí wọ́n bá dàgbà jù mí lọ, mo kí wọn. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ, mi ò gbà á padà.

Ọ̀rọ̀ ooru rẹ gan-an ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Mo to òkìtì èédú àkọ́kọ́ ti ọdún yìí ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. O mọ bí a ṣe ń ṣe é, o ti bá mi ṣe é rí. A to igi, a fi koríko tútù bò ó, a fi erùpẹ̀ bo koríko, a finá sí i lẹ́nu, a sì dí ẹnu náà. Ní ìjọ́ kẹta, mò ń yí i ká, mò ń na ẹ̀yìn ọwọ́ sí erùpẹ̀ láti mọ ibi tí iná dé. Èéfín ń jáde ní ibi méjì. Ọmọ Fátọ́kẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní ibi méjèèjì yẹn ni iná wà. Mo ní rárá, erùpẹ̀ ibẹ̀ ló fẹ́lẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kí iná máa mí síta. Ibi tí erùpẹ̀ ti ki, tí kò sí èéfín, tí kò sí ariwo, mo na ọwọ́ síbẹ̀, mo sì yára fà á padà. Ìgbà náà ni mo rántí rẹ.

Bọ́ bàtà rẹ, kí o wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ òsì. Ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà tí o gba àpá yẹn. Mo ní kí o má gun òkìtì. O yẹra fún ibi tí èéfín ti ń jáde, o sì gbé ẹsẹ̀ lé ibi tó dákẹ́, torí o rò pé ibẹ̀ ló tutù. Ìwọ tí ibẹ̀ jó lẹ́sẹ̀ lo tún wá jókòó sí ìlú òyìnbó tí ò ń ṣírò èéfín.

Mo fi awò Bàbá rẹ wo fọ́tò náà dáadáa. Mo rí ìbejì. Láàárín agboolé méjèèjì, ibi tí wọ́n ti wọnú ara wọn, mo rí ohun dúdú kan tó fà gbọọrọ bí ìdọ̀tí. Mo fi etí gèlè nù ún, kò kúrò. Eruku ni, àbí? Ibẹ̀ ni èmi ì bá na ọwọ́ sí.

Ohun tó kù kò sí nínú ìwé òyìnbó. Nígbà tí mo bí Táyé àti Kẹ́hìndé, ọdún márùn-ún ni mo fi wá ọmọ mìíràn láìrí. Wọ́n ní orí ìyá ìbejì tí kò bá bí Ìdòwú á dàrú. Orí mi ò dàrú, àmọ́ mò ń retí, mo mọ̀ pé ó wà. O sọ pé o rí ìbejì, o ní ooru ṣẹ́ kù tí o ò mọ ẹni tó ni ín, kí lo wá ń bi mí? Lọ wá Ìdòwú wọn. Ẹ̀yìn ìbejì ló máa ń wà.

Mo ti dárí jì ọ́. Jẹun dáadáa.

Ìyá rẹ


Edinburgh
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejìlá, ọdún 1996

Ìyá mi, Ìyá Ìràwọ̀,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, èyí tí ẹ bá fẹ́ ni kí ẹ mú. Mi ò tijú yín rí. Ẹ̀rù ló bà mí pé wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín, èmi fúnra mi ni mo sì fún wọn ní ohun tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Mo ka lẹ́tà yín nínú bọ́ọ̀sì, mo sì bọ́ bàtà níbẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìjókòó míì.

Mo gbé ọ̀rọ̀ òkìtì èédú lọ bá ọ̀gá mi. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ó ṣeé ṣe, nítorí bí eruku bá ki tó, ó lè bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀ pátá, ara eruku ọ̀hún nìkan ló máa gbóná. Àmọ́ ó ní kò sí ẹni tó tíì rí nǹkankan níbi dúdú yẹn, àti pé wákàtí mẹ́rin péré ni wọ́n fún wa lórí ẹ̀rọ kan tó lè sọ ibi tí ooru ti ń wá. Orí òkè gíga kan ní erékùṣù Hawaii ló wà, abọ́ rẹ̀ fẹ̀ ju àgbàlá wa lọ. Oṣù kìíní la ń lọ. Ọ̀gá mi fẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí àwọn ìbejì, kí a má baà pàdánù gbogbo rẹ̀. Bí mo bá lo wákàtí mẹ́rin náà sórí òkùnkùn, tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, ó parí fún mi nìyẹn, a ò ní rí irú rẹ̀ gbà mọ́ kí oṣù kẹsàn-án tó dé.

Ẹ ní kí Àlfáà ṣàdúrà fún mi. Ẹ sọ fún wọn pé lọ́tẹ̀ yìí, fún ènìyàn ni.

Ìdòwú yín


Edinburgh
Ọjọ́ kìíní, oṣù kejì, ọdún 1997

Ìyá mi, Bàbá mi, Táyé, Kẹ́hìndé, àti ẹ̀yin ará abẹ́ máńgòrò,

Tíṣà Amos ni kó ka èyí o, kó sì kà á sókè dáadáa.

A dé orí òkè náà, èémí ò tó wa. Ìkùukùu wà lójú ọ̀run, ẹ̀rọ yẹn ò sì lè ṣiṣẹ́ bí omi bá wà nínú afẹ́fẹ́. A jókòó, à ń wo aago. Wákàtí kan lọ, wákàtí kejì lọ. Nígbà tí ojú ọ̀run fi máa là, méjì péré ló kù nínú mẹ́rin. Ọ̀gá mi yíjú sí mi, ó ní, "Ìgbà wa ò tó ibi méjì. Níbo ni ká wò?" Mi ò tíì la ẹnu. Ó wo orí tábìlì, níbi tí mo tẹ́ fọ́tò sí, ó ní, "Ó dáa, ọwọ́ rẹ ti wà níbẹ̀." Èmi náà wò ó. Mo ti na ẹ̀yìn ọwọ́ sórí ibi dúdú yẹn, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é.

Ìyá mi, ó wà níbẹ̀. Láàárín ogún ìṣẹ́jú ni a ti rí i. Òun nìkan mú ooru jáde ju Táyé àti Kẹ́hìndé lápapọ̀ lọ, eruku ló sì bò ó mọ́lẹ̀ látòkè délẹ̀ tí ojú kankan ò fi rí i. Ìṣírò mi péye. Ọ̀gá mi dì mọ́ mi, a sì jó ní orí òkè yẹn títí ó fi rẹ̀ wá, èyí ò sì pẹ́ rárá.

Ẹ tún gbọ́ èyí. A ti wo ọjọ́ orí wọn báyìí. Èyí tó wà nínú eruku ló kéré jù. Wọ́n bí i lẹ́yìn àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí kò fi tíì ráyè fẹ́ eruku ara rẹ̀ dànù bíi tiwọn. Mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò.

A ní láti fi àmì sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí àwòrán tó máa jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀. Mo kọ T, mo kọ K, mo kọ I. Ọ̀gá mi béèrè ohun tí wọ́n dúró fún. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní kí á kọ orúkọ wọn ní kíkún nísàlẹ̀ ojú ìwé náà, kí a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìbíyẹmí Àbọ̀dé ti Fìdítì, ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ tó sì tọ́ka sí ibi tí ẹ̀kẹta wà. Ó wà nínú ìwé báyìí, orúkọ yín àti orúkọ ìlú.

Màá parí ìwé mi ní oṣù kẹjọ. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ni ọkọ̀ òfuurufú mi. Mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ yín,
Ìdòwú


Fìdítì
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, ọdún 1997

Ìdòwú mi,

Tíṣà Amos kà á. Mo ní kó dúró síbi tó dúró sí lọ́jọ́ yẹn gan-an, lábẹ́ igi kan náà. Àwọn tó pè mí ní Ìyá Ìràwọ̀ ni mo ránṣẹ́ pè, wọ́n sì pé. Nígbà tó dé ibi orúkọ mi, ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún ibẹ̀ kà láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ dìde, ó ní òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó yẹ kí a sọ wọ́n lórúkọ. Mo kàn wò ó.

Nísinsìnyí, tí mo bá ń kọjá, wọ́n ṣì ń pè mí ní Ìyá Ìràwọ̀. Èmi náà sì ń dáhùn.

A kó Ìdòwú jáde ní ìjọ́ kẹjọ tí lẹ́tà dé. Àlfáà Habeebullah ò béèrè bàbá ọmọ mọ́. Àwọn fúnra wọn ló mú oyin wá. Kẹ́hìndé kó gbogbo ọmọ rẹ̀ wá láti Ìlọrà, Táyé ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ní Ìbàdàn. Mo jó, ìdí ń dùn mí di òní, mi ò sì kábàámọ̀. Yàrá rẹ ti gbẹ, ó ń dán. Mo tún ti fi ìbòjú sí fèrèsé nítorí eruku, àfi bí o bá fẹ́ kí n yọ ọ́ kí o lè máa rí nǹkan kọ́.

Tíṣà Amos ní kí n béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ. Ó ní lẹ́yìn Ìdòwú, Àlàbá ló kàn, ó ní ó yẹ kí o dúró díẹ̀ sí i lọ́hùn-ún kí o lè wá a.

Mo sọ fún un pé ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn ènìyàn fi bi èmi náà lẹ́yìn tí mo bí ọ, pé Àlàbá ńkọ́. Mo ní mi ò wá a. Ìdòwú ni mò ń retí, ó sì ti dé, mo sì dúró síbẹ̀.

Máa bọ̀ nílé.

Ìyá rẹ,
Ìbíyẹmí